Bàbá Ṣó-Dúró àti Afárá Wọn

Ọdún 1946 ni a bí bàbá wa, olóògbé Aṣòfin, sí ilé káfíńtà tó ń kan àga àti pósí. Télọ̀ ni ìyá wọn. Láti kékeré ni wọ́n ti máa ń mi àga wò kí wọ́n tó jókòó.

Wọ́n di olùkọ́ ní 1968. Ní 1972 wọ́n gbé ìyá wa, agbẹ̀bí, níyàwó. Ìyá ní kódà lọ́jọ́ náà, ọkọ ìyàwó kọ́kọ́ mi àga ìyàwó wò.

Ní 1999 ará àdúgbò dìbò yàn wọ́n sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Afárá ni wọ́n jà fún, nítorí odò ti gbé ọmọ ilé ìwé kan lọ. Ní 2003 ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú wọn sì ní kí wọ́n ṣí afárá náà kíákíá. Bíríkìlà àgbà bẹ̀bẹ̀ pé kí sìmẹ́ńtì gbẹ dáadáa ná. Bàbá gé rìbọ́ǹnù, wọ́n sì wọlé ìbò, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́.

Bí òjò bá ti ṣú, wọn a mú agboòrùn, ó di etí odò. Ẹni tó bá ti òdìkejì bọ̀, “Ṣó dúró?” ni wọ́n ń bi í. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti sọ wọ́n ní Bàbá Ṣó-Dúró. Àwọn ẹnjiníà yẹ afárá náà wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò séwu. Ìyá a ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí afárá sùn, kí ẹ̀yin náà lè sùn.” Wọn kò gbọ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2007, wọ́n di díákónì, síbẹ̀ afárá ló ń ṣáájú orúkọ àwa ọmọ nínú àdúrà wọn. Ó máa ń dùn wá.

Lóṣù tó kọjá àìsàn gbé wọn dè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rán àbígbẹ̀yìn wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, pé kó lọ wo afárá wá. Ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Kó tó dé, Bàbá ti lọ.

Wọ́n fi ìyá wa, ọmọ mẹ́rin àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀. Orí afárá náà ni a ó gbé wọn gbà lọ sí itẹ́ òkú lónìí, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ́ gììrì. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó gbé pósí kọ́kọ́ kọjá. Àyà wa ń já. Ó jọ pé ogún tiwa nìyẹn.

Bàbá, èsì tí àbígbẹ̀yìn yín mú bọ̀ rèé: ó dúró. Ẹ sùn re o.