Èmi Ni Mo Ń Gba Máàkì Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní dùùrù kò tíì fi ariwo fọ́ ọ lórí? Ọlọ́run tó ń mú ọ gun àtẹ̀gùn ilé gíga yẹn lójoojúmọ́ kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ ní ilẹ̀ títẹ́jú. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá jókòó sí, ìjókòó tìrẹ kò ní ṣófo. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ènìyàn, ojú kò sì ní ti èmi ìyá rẹ náà lórí ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí. Àmín.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé bébà ni mo fi kọ̀wé sí ọ, nígbà tí fóònù tí o rà fún wa wà lórí tábìlì, tí mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ tó wà nínú fóònù yẹn ni, mi ò sì fẹ́ kó kọ́kọ́ kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Atúnfóònùṣe ìsàlẹ̀ àdúgbò ti sọ ọ́ títí fún mi pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé ẹ̀rọ lásán ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìgbà tí mo gbà á, tó mọ ìgbà tí mo ṣì í, tó tún mọ ìgbà tí mi ò wá sí kíláàsì rárá, ẹ ní kì í ṣe ènìyàn. Ó dáa, mo ti fi bébà kọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Ilé wà bó o ṣe fi sílẹ̀. Òrùlé yàrá ìránṣọ mi ṣì ń jò, bàbá rẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, tí òjò bá rọ̀ màá dá iṣẹ́ dúró láti lọ da omi nù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré, àfi bẹ́líìtì rẹ̀ tó ti gbó tó ń bọ́ sílẹ̀ bí ṣòkòtò ọmọ kékeré. Alápatà iwájú ilé kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àwọ̀ pupa, ó kù díẹ̀ kí n figbe ta lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jí rí i, mo rò pé ó ti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Èmi náà ń gbádùn ara mi, orúnkún ló ń dùn mí, orúnkún sì ti ń dùn mí kí wọ́n tó bí ọ.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo ń yí ká bẹ́ẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí o wá kẹ́yìn, tí Ìyá Sopuráánò, ẹni tó ń gbé ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, fẹjọ́ sùn ọ́ pé bàbá rẹ ń ṣi dùùrù tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, o fi fóònù yìí lé wa lọ́wọ́, o ní ẹ̀kọ́ orin àti ti etí wà nínú rẹ̀, òun lo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tìrẹ lọ́hùn-ún. O ní á máa dún, bàbá rẹ á máa tẹ ohun tí wọ́n bá gbọ́, á sì máa fún wọn ní máàkì, àti pé ìwọ náà á máa rí máàkì yẹn nínú fóònù tìrẹ. O ní tí máàkì bá ń gòkè, a jẹ́ pé etí wọn kàn dógùn-ún díẹ̀ ni, ìdárayá ló ń fẹ́. Tó bá ń lọ sílẹ̀, wàá gba ìsinmi níbi iṣẹ́, wàá wá mú wọn lọ bá dókítà tó ń wo etí ní ìlú ńlá. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ogójì ọdún làwọn fi kọ́ ènìyàn lórin, fóònù wo ló wá fẹ́ kọ́ àwọn.

Ọjọ́ kejì tí o lọ ni wọ́n jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ọkàn pupa márùn-ún wà lókè fóònù náà, wọ́n tò léra. Ó dún, bàbá rẹ tẹ̀ ẹ́, ọkàn kan kú. Ó tún dún, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, èkejì kú. Kí n tó gbé abẹ́rẹ́ mi kalẹ̀, márààrún ti tán. Àkọ́bí, mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí Ọlọ́run fún ní ọkàn kan péré, wọ́n wá gba márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan! Mo bẹ olùkọ́ náà títí, kò dáhùn. Mo gbé fóònù, mo gbàgbé bàtà, mo sáré lọ bá atúnfóònùṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kò kan àyà bàbá rárá, pé wọ́n á dá wọn padà tó bá di ọ̀la. Lóòótọ́, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti pé. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n kó ìwé orin wọn sínú àpótí, wọ́n ránṣẹ́ sí àlùfáà pé ara àwọn kò yá, wọn ò sì dé ìdí dùùrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé iṣẹ́ mi wá jókòó sí iwájú wọn tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó máa ń dún bí orin kúkúrú, á wá béèrè bóyá inú orin náà dùn ni àbí ó bàjẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ wọn ò gbà á. Nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, mò ń pàtẹ́wọ́ fún wọn bí ìgbà tí ò ń kọ́ ìrìn. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo kọ ẹ̀yìn sí wọn kí n lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n ṣì í lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Mo yíjú padà, wọ́n gbà á. Mo tún kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n tún ṣì í. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Tí orin náà bá bani nínú jẹ́, ojú mi á rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á sì tẹ ìbànújẹ́. Àkọ́bí, ojú mi ni bàbá rẹ fi ń gbọ́ orin. Mo wọ ilé ìdáná, mo sunkún, mo fi omi bọ́jú, mo padà wá jókòó.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò dára, ṣùgbọ́n àánú ló sún mi dé ibẹ̀. O mọ̀ pé bàbá rẹ máa ń pẹ́ nínú balùwẹ̀ láàárọ̀. Tí wọ́n bá ti wọlé báyìí, màá gbé fóònù, màá ti ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ, màá máa dá olùkọ́ náà lóhùn ní orúkọ wọn. Mi ò kọ́ orin o, mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ohùn náà nílé ìwé, atúnfóònùṣe ló fi bọ́tìnnì òkè àti ti ìsàlẹ̀ hàn mí. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni bàbá rẹ fi kọ́ àwọn akọrin ní pálọ̀ wa, tí èmi ń rán aṣọ lẹ́yìn ògiri, n kò sì di etí mi. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Tó bá ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó ń pe ìyá. Tó bá dúró lójú kan, ó ń pe ọmọ. Tó bá já láti òkè wálẹ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀. Mo ń fi bẹ́ẹ̀ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti ibi tó ti ń béèrè ìdùnnú àti ìbànújẹ́, mi ò ṣì í rí. Ta ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní ìbànújẹ́ lọ́jọ́ orí mi yìí?

Olùkọ́ náà sì níwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo máa ń fi aṣọ bò ó lọ́sàn-án kó lè sinmi, kó jẹun. Nígbà tí òtútù mú mi tí mi ò lè dìde fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, atúnfóònùṣe kà á fún mi, ó ní àárò wa ń sọ òun. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo tọrọ àforíjì, mo ṣàlàyé pé òtútù ni, mo tún wúkọ́ díẹ̀ sí i létí kó lè gbà pé òótọ́ ni.

Báyìí ni máàkì ṣe ń gòkè. Ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ rẹ wọlé, pé bàbá ti gba mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, pé o jó níbi iṣẹ́ débi tí àwọn ènìyàn fi ń wò ọ́. O ní níwọ̀n ìgbà tí etí wọn ti yá, o kò ní gba ìsinmi yẹn mọ́, wàá fi ọjọ́ náà kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ó di ọdún tó ń bọ̀ ká tó rí ọ. Mo kà á títí dé òpin. Mo fẹ́ fi máàkì mú inú yín dùn, mo wá fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ síta.

Mo fún bàbá rẹ ní fóònù kí wọ́n kà á fúnra wọn. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n wò mí, wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ làwọn gba iye yẹn. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n kó ìwé orin jáde, wọ́n ní ó di Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ń padà sídìí dùùrù. Ẹni tó bá purọ́ máàkì kò lè sọ pé kí wọ́n má lò ó.

Ó dé ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí. Bàbá rẹ wọ kóòtù tí mo rán fún wọn nígbà tí o gboyè. Ẹsẹ̀ kìíní orin lọ dáadáa, ọwọ́ ti mọ ọ̀nà tó ti ń rìn láti ogójì ọdún. Ẹsẹ̀ kejì ni iná lọ. Dùùrù tuntun yẹn, iná ló ń jẹ. Fáànù dúró, ẹ̀rọ ohùn kú, dùùrù dákẹ́, gbogbo ìjọ dákẹ́. Bàbá rẹ kò mọ̀. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ, wọ́n ń mi orí, ẹsẹ̀ wọn ń lu ilẹ̀, kò sí ohun tí à ń gbọ́ ju ìró ìka wọn lórí rẹ̀, pó, pó, pó. Àlùfáà dìde, ó tún jókòó. Ọmọ kékeré kan rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ bò ó lẹ́nu. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ìgbà náà ni Ìyá Sopuráánò, ẹni tí mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí, rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó tẹjú mọ́ ìka bàbá rẹ, ó sì gbé orin náà níbi tí ìka wọn dé gan-an. Akọrin gbè é, ìjọ gbè é. Ibi tí wọ́n bá ti fà á, à ń fà á, ibi tí wọ́n bá ti yára, à ń yára, títí dé àmín. Ó dá mi lójú pé wọn ò ṣi ohùn kan tẹ̀.

Nígbà tí à ń lọ sílé, wọ́n di ọwọ́ mi mú lójú títì, ohun tí wọn kì í ṣe. Wọ́n ní dùùrù náà dùn lónìí, pé àwọn gbọ́ ọ kedere, pé kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo mi orí pé ó dùn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á gbọ́ ni, àbí èmi ni wọ́n ń tù nínú.

Lọ́jọ́ kejì mo tàn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn wa, mo ní orúnkún mi ni a fẹ́ lọ tọ́jú. Nọ́ọ̀sì yẹ etí wọn wò. Ó ní ti ọ̀tún ti lọ. Ó ní ti òsì ṣẹ́ kù díẹ̀, pé tí dókítà tó mọ̀ nípa etí bá tètè rí i, ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n bí a bá fi falẹ̀, kò ní sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni máa dá dúró. Nítorí náà, pa mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún yẹn rẹ́. Èmi ni mo gbà á. Máàkì bàbá rẹ ni òdo. Bá mi bẹ olùkọ́ náà, orúkọ tí mo fi dáhùn ni irọ́, ohun tí mo gbọ́ kì í ṣe irọ́.

Bí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ ránṣẹ́, àti ti dátà díẹ̀, kí olùkọ́ yẹn má baà rò pé a ti lé òun. Ṣùgbọ́n tí yóò bá dín owó ọkọ̀ rẹ kù, fi wọ́n sílẹ̀, màá fi ọwọ́ rán aṣọ. Ìwọ gan-an ni mò ń béèrè. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn, ìdánwò wọn á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní fi ọ́ sójú ọ̀nà. Wàá bá wa láyé, wàá bá wa nílé, a ò sì ní fi ẹkún pàdé rẹ.

Tí o bá dé, má ṣe kí bàbá rẹ láti ẹnu ọ̀nà bí o ṣe máa ń ṣe, torí wọn ò ní yíjú, inú rẹ á sì bàjẹ́. Yí gba iwájú wọn. Dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, jẹ́ kí wọ́n rí ẹnu rẹ dáadáa, kí o tó pe Bàbá.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.