Irin Tí Bàbá Àgbà Fi Ń Yí Katakata

Màmá àgbà,

“Ta ló gbé irin tí mo fi ń yí ẹ́ńjìnì?” Bàbá àgbà ti bi gbogbo ilé láàárọ̀ yìí. Láìsí irin náà, katakata àtijọ́ wọn ò ní jí fún ìtọ́wọ̀ọ́rìn katakata tòní. Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ pé katakata tó dàgbà jù ló máa ń ṣáájú wa lójú títì. Tí tiwọn ò bá jí, ti Malachy Tuohy aládùúgbò wa ló kàn.

Ni wọ́n bá lọ ká Malachy mọ́ iwájú ilé ìpàdé, lójú ọlọ́pàá tó wá bá wa dá mọ́tò dúró ní oríta. Wọ́n ní, “Tuohy, irin mi dà?”

Malachy ní, “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ni tèmi fi ń jí. Ṣé kí n máa fi irin yín họ ẹ̀yìn ni?”

Mo ní òótọ́ ló sọ, irin náà ò tilẹ̀ lè wọ inú tirẹ̀. Bàbá àgbà ní, “Olè kì í wọn bàtà kó tó jí i.”

Mo sáré wálé, mo tú gbogbo ibi tí ènìyàn lè fi irin sí. N kò rí i. Tí ẹ bá dé, ẹ gbé kéèkì lọ bá Malachy, kí ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ torí Bàbá àgbà pè é lólè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wo fèrèsé ìdáná yìí bóyá òjò ń bọ̀. Màmá àgbà, irin ọ̀hún lẹ fi ti fèrèsé náà kó má baà pa dé.

Fiachra