Èémí Àbúrò Yín Kò Fìdí Kalẹ̀

Abúlé Liujiagou,
Ẹsẹ̀ Òkè Tai,
Shandong.
9 Oṣù Kẹrin, 1991.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín tí mo fi dé orí ọ̀rọ̀. Chengyu àbúrò yín kò lè ru ẹrù gun òkè mọ́. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun ló ní kí n má sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ojú ti bá imú.

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Qingdao? Ọkọ yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Xiaomai ọmọ wa ti ń rìn. Ó ń fa apá mi bí mo ṣe ń kọ èyí, bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá wọ́, ẹ fojú fò ó.

Ẹ mọ ìrìn àwọn aláàárù òkè, wọn kì í sáré, wọn kì í sì í dúró àfi kí wọ́n pààrọ̀ èjìká. Baba Qi olórí wọn a máa ní, "Bó o bá lè bú ìyàwó ẹ lórí àtẹ̀gùn, èémí ẹ tó. Bó o bá lè kọrin, ọ̀lẹ ni ẹ́." Nígbà tí Chengyu ò lè bú ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n ní ìyàwó ti pa á lẹ́nu mọ́.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Jinan. Wọ́n gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tí kì í lọ síbi kankan, wọ́n fi rọ́bà bò ó nímú àti lẹ́nu, kí èémí rẹ̀ lè máa wọnú àpò kan. Wọ́n ní kó máa fẹsẹ̀ yí i ní ìwọ̀n kan náà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi, bó yí i díẹ̀, ó dúró, ó tẹ ọrùn, ó sì gbé ẹrù tí kò sí níbẹ̀ láti èjìká ọ̀tún sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rù?" Kò lè fèsì nítorí rọ́bà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Dókítà ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, èémí á kọ́kọ́ sáré fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà á fìdí kalẹ̀, bí ìkòkò tó hó tí a wá dín iná rẹ̀ kù. Afẹ́fẹ́ tuntun tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ á tó ohun tí iṣan ń béèrè, èyí tí ara ti lò á sì máa jáde. Ti Chengyu ò fìdí kalẹ̀, ó ń lọ sókè ṣáá. Ṣùgbọ́n nítorí dídúró yẹn, wọn ò mọ̀ bóyá àìsàn ni tàbí àṣà pípààrọ̀ èjìká ló fà á. Wọ́n á tún un ṣe lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. A ti fi òkúta gbé kẹ̀kẹ́ wa sókè nílé, ó ń fẹsẹ̀ yí i, èmi ń di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú. Xiaomai ń sín in jẹ, òun náà ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Dókítà bi wá bí àìsàn èémí tó ṣe bàbá yín ṣe bẹ̀rẹ̀. Chengyu ò rántí, ó kéré nígbà náà. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú wọn. Ṣé ibi iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mí bẹ́ẹ̀, àbí níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú? Mo ń béèrè nítorí pé lánàá, Chengyu jókòó, ó ń pa ẹ̀pà, mo sì gbọ́ èémí rẹ̀ láti ìdí ààrò.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí ọjọ́ kẹrìnlélógún tó pé.

Èmi ni aya àbúrò yín,
Suqin.