Ìwé Ìròyìn Yín Ti Dé Ọ̀fà

Ọ̀fà,
Oṣù Kẹta, 1914.

Jímọ̀ Àkànní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó ò le jù? Gbogbo ilé wà ní àlàáfíà, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí á gbúròó ibi nípa rẹ. Caroline, ìyàwó akọ̀wé réluwé, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, òun náà ló ka tìrẹ sí mi létí.

Áà, ìwé ìròyìn yín dé! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé iṣu sórí iná, ó jóná mọ́ ìkòkò. Caroline ní irinwó irú rẹ̀ lẹ ṣe. Irinwó! Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Mo mọ bí ìkọ̀wé rẹ ṣe máa ń rí wọ́kọwọ̀kọ bí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n èyí tò gún régé, o mà fara balẹ̀ o. Mo ti di òrí fún ọ, máa fi pa ọwọ́. Ọṣẹ tí ẹ ní kí gbogbo ènìyàn rà lẹ́yìn ìwé, mo wá a ká ọjà, n kò rí i, má bínú.

Àwòrán yẹn wá ńkọ́! O ní ara igi ni Ọlábámijí ọ̀rẹ́ rẹ gbẹ́ ẹ sí. Mo gbọn ìwé náà títí, igi kankan ò jábọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó sídìí òfì yẹn! Asiata, ìyálé mi, ló kọ́kọ́ kígbe pé ìyàwó wa rèé, ẹ wo eyín iwájú tó kán. Ọlábámijí tí kò rí mi rí! Ìgbà tí Caroline ka ohun tí o kọ nípa mi ló yé mi pé ìwọ lo ròyìn mi, òun ló gbẹ́ mi. Mo sunkún níwájú wọn.

Èwo wá ni pé ìwọ àti Ọlábámijí jà, pé o ní àwòrán ń gba àyè ọ̀rọ̀, tí òun náà sì ti kó irin iṣẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ lọ? Jímọ̀, àwòrán ni gbogbo agbo ilé wá wò. Wọ́n wò ó tán ni wọ́n tó bẹ Caroline pé kí ó kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kà á. Bẹ ọ̀rẹ́ rẹ kí ó má lọ.

N kò fọkàn tán ọ pé o mọ ẹ̀bẹ̀, nítorí náà mò ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Àlàmísì ni èmi àti lẹ́tà yìí jọ ń wọ̀. Caroline ní lẹ́tà ò ní ṣáájú mi dé, mo ní kò burú, kí ẹ̀yin méjèèjì ṣáà wá pàdé àwa méjèèjì ní Ìdó. Mo ta aṣọ kan, mo fi wá owó àlọ. Owó àbọ̀ ò sí, ìwọ àti Ọlábámijí ni kí ẹ jọ dá a. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá mú un wá, n kò ní gbà á, ọ̀dọ̀ yín ni n ó máa gbé.

Ọlọ́run á fi alùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràfátù.