Arìnrìn-Àjò Kékeré Inú Ẹ̀rọ Géèmù Wa

Chinami, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òjò, nítorí òjò oṣù kẹfà ti bẹ̀rẹ̀ níbí, kò sì jọ pé ó ń múra àtilọ. Ṣé o ń jẹun? Ṣé orí òrùlé rẹ kò jò? Kí àwọn baba ńlá wa má ṣe gbójú kúrò lára rẹ. Ara mi le, àfi orúnkún nìkan.

Mo gbọ́ ohun tí o wí lórí fóònù, pé ilé búrẹ́dì rẹ ti kógbá wọlé, pé gbogbo rẹ̀ ti tán fún ọ, pé kí n ta ẹ̀rọ géèmù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n wá máa bá ọ gbé ní Osaka. Mo sunkún, lẹ́yìn náà mo jẹun, nítorí ebi ń pa mí.

Ọ̀gbẹ́ni Mukai tí o ní kó wá ra ẹ̀rọ náà ti dé. Ó ní inú fóònù lòun yóò ti san owó, mo bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ fóònù náà títí, kò sí ohun tó já bọ́. Ó ní òun yóò padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ. O rántí arìnrìn-àjò kékeré inú ẹ̀rọ náà, èyí tó dé fìlà koríko, tó ń gun òkè lọ sílé ìyá rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ojoojúmọ́ ló ń ṣubú sódò, tí ẹyẹ ń lé e, kò sì sẹ́ni tó ń fún un lóúnjẹ. Mo bá rán aṣọ pupa kan, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ náà lọ́rùn bí a ti ń so ó mọ́ Jisó, ère òrìṣà olókùúta tó ń ṣọ́ èrò ọ̀nà ní oríta, mo sì ń gbé ìrẹsì àti omi síwájú rẹ̀ láràárọ̀. Ní báyìí, àwọn tó ń lọ sóko tíì ti ń tẹríba fún un. Dípò kí wọ́n ki owó bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ilẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí, n kò sì lè ná owó ẹbọ. Genzaburo aládùúgbò wa ní orí mi ti dàrú, pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe òrìṣà, àmọ́ mo rí i tí òun náà yọ́ gbé ọsàn kan síbẹ̀.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Genzaburo ń wá gbá géèmù náà. Mo bi í léèrè pé ṣé kò sú u ni, òkè kan náà, odò kan náà. Ó ní kí n yéé dá òun lágara, pé lánàá apá òsì ni ẹyẹ ti wá, lónìí ìkùukùu bo afárá, ọwọ́ òun pàápàá kì í rí bákan náà lójoojúmọ́.

Èmi náà jókòó wò ó. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù, tí ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa, n kì í mọ òkè tiwa yàtọ̀ sí ti inú ẹ̀rọ mọ́. Bí arìnrìn-àjò náà bá ṣubú, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn, orin á sì tún bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, á wà ní ìsàlẹ̀ òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kékeré tí iná ń jó nínú rẹ̀, kò ní ẹrẹ̀ lára, kò sẹ́ni tó bá a wí. Á tún gbéra bí ẹni tí kò rin ọ̀nà yẹn rí. Inú mi máa ń dùn débi pé n ó gbàgbé tíì mi títí yóò fi tutù. Lọ́jọ́ tó wá, Ọ̀gbẹ́ni Mukai ní òun kàn fẹ́ dán ẹ̀rọ náà wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ó gbá a títí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn fi fi í sílẹ̀ lọ, ilé Genzaburo ló sùn.

Nítorí náà, n ó sọ fún un pé n kò tà. Chinami, kò tán. O ṣubú ni. Bí mo bá pa iná ṣọ́ọ̀bù yìí, níbo ni wàá ti tún bẹ̀rẹ̀?

Jọ̀wọ́, wá owó díẹ̀ fún mi. Owó bọ́ọ̀sì ni. Má fi ránṣẹ́ o, fi wọ ọkọ̀ wá sílé. Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má sì rẹ̀ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hatsue