Fún Ẹni Tó Rẹ́rìn-ín Nígbà Tí Mo Ń Bá Ọmọ Wí

Olórí ilé,

Ẹ kú ẹ̀rín o. Orí maṣíìnì ìránṣọ yín ni mo fi ìwé yìí sí, kẹ́ ẹ má baà sọ pé ẹ ò rí i.

Ọmọ yín sá níléèwé lánàá. Mo ní níbo ló lọ, ó wé ìborí mi, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó fi ohùn mi dáhùn pé: “Ṣé èmi ni mo bí ẹ, àbí ìwọ lo bí mi?” Ẹ̀yin bàbá ẹ̀ wá ń rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín fi ń gba imú yín jáde! Ta ló tún máa bẹ̀rù mi nínú ilé yìí?

Ẹ má wá oúnjẹ o. Ẹ ti fi ẹ̀rín yó.

Àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe jáde lọ ra òwú báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í sín ẹ̀yin náà jẹ. Ó ń wá awò ojú káàkiri ilé, awò ojú sì wà níwájú orí ẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá ara mi, tí mò ń fọwọ́ di ikùn mú fún ẹ̀rín.

A ò tíì mọ ibi tó lọ lánàá o. Ẹ̀yin lẹ máa bi í nírọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ rí eyín yín. Èmi á wà ní kíṣìnì, màá ti ki aṣọ ìnuwọ́ bọ ẹnu.

Ìyá ẹ̀