Ìgò Tó Wà Nínú Ìbọ̀sẹ̀ Búlúù

Ilé Barrabère,
Fronsac, ilẹ̀ Faransé,
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 1984.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Maylis,

Mo kí ọ o. Mo lérò pé ara rẹ le, pé òtútù ẹ̀bá odò Douro kò mú ọ ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé àwọn Potogí tí ò ń bá ṣiṣẹ́ wáìnì ń fún ọ ní oúnjẹ gidi. Ara àwa náà le níbí. Àyà tó ń dun Bàbá nígbà Kérésìmesì ti fúyẹ́, àmọ́ imú rẹ̀ kò gbóòórùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ohun tó sì fa gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí nìyẹn. Bàbá ló ní kí n kọ ọ́. Ká ní tèmi ni, mi ò bá má fọwọ́ kan bírò rárá.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń ta mí. Mò ń jowú rẹ, Maylis. Mi ò ní fi oyin sí i lára. Àwòrán rẹ ló wà lórí dùùrù ní pálọ̀; tèmi wà ní ọ̀nà ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Bàtà oko rẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọdún tí o ti lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí i nípò. Tèmi, bí mo bá bọ́ ọ síbẹ̀, Màmá á ní, "Solange, ṣé o fẹ́ kí n ṣubú ni?" Nígbà tí o tẹ̀ wá láago lọ́jọ́sí, ẹja gígùn inú odò tí Màmá ń fi wáìnì sè ló fi sílẹ̀ lórí iná tó sáré wá gbọ́ ohùn rẹ. Ẹja jóná kanlẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Èmi jẹ́ kí wàrà hó dà nù lọ́jọ́ kejì, ó sì fi í bú mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

O mọ bí a ṣe máa ń ṣe é lóṣù Kẹta. Kálukú á lọ da wáìnì láti inú àgbá oko kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ra, á po tirẹ̀ níkọ̀kọ̀, Màmá á sì wọ ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ìgò kí ojú má baà mọ èyí tí ẹnu ń tọ́ wò. Èyí tí ẹnu bá yàn ni wáìnì ilé wa fún ọdún náà. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá fi nǹkan kún un. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá wáìnì abẹ́ ilẹ̀ kúrò lọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín àwo, ó ní, "Imú mi ti di imú ère. Ẹni tí ìgò rẹ̀ bá wọlé lónìí ni yóò máa po wáìnì ilé yìí láti ìsinsìnyí lọ. Èmi á máa bá yín mu ún ni."

Kọ́kọ́rọ́ tí Bàbá Àgbà fi kọ́rùn títí tó fi kú, tí Bàbá ń wọ̀ sùn! Mo wo ọwọ́ mi tó ti sán níbi tí mo ti ń gé ẹ̀ka àjàrà nínú òtútù, mo sì wí nínú ara mi pé ta tún ni ì bá tọ́ sí? Yàtọ̀ sí Bàbá fúnra rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Aurélien, àbúrò rẹ̀, nìkan ni mo mọ̀ pé ó tún po tirẹ̀, gbogbo wa sì mọ ọwọ́ rẹ̀.

Tirẹ̀ la kọ́kọ́ tọ́ wò, nínú ìbọ̀sẹ̀ dúdú. Òórùn pákó àgbá tuntun ló tún fi bò ó mọ́lẹ̀. Màmá ní, "Aurélien, ṣé pákó lo pọn fún wa ni?" Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ rọra jẹ ẹ́, eyín yín ṣì le." Ìbọ̀sẹ̀ pupa ló tẹ̀ lé e. Kò burú, ṣùgbọ́n ó dà bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀ mọ́ tó, tí wọ́n wá ní kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ti Bàbá ni, àánú imú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo wá gbé ti ìbọ̀sẹ̀ búlúù sẹ́nu.

Maylis, omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Òórùn ilẹ̀ lẹ́yìn òjò ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà adùn èso dúdú, lẹ́yìn náà ohun tútù kan tó dúró pẹ́ lórí ahọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Bẹ́ẹ̀ ni èmi Solange ṣe dìde lórí ìjókòó, tí mo ní, "Èyí ni! Èmi ni mo pò ó, mi ò sì tijú láti sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó tún un tọ́ wò!" Bọ̀ọ̀dá Aurélien da ti inú ife rẹ̀ sínú omi ọbẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ àwo rẹ̀, bí àwọn àgbà ibí ti ń ṣe, ó gbé àwo sẹ́nu, ó mu ún gbẹ, ó ní, "Ọmọ yìí gbà á." Màmá tó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ìgò kò wo ojú mi. Aṣọ tábìlì ló ń wò.

Bàbá ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Mo bọ́ ọ. Lẹ́tà M ńlá, ti orúkọ rẹ, ló wà lára ìgò.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti là á fún wa pé òun ti fi ìgò kéékèèké láti inú gbogbo àgbá wa ránṣẹ́ sí ọ lẹ́yìn mi, láti ọwọ́ oníṣòwò wáìnì tó ń lọ sí Porto. O tẹ̀ ẹ́ láago, o sọ ìwọ̀n fún un, ó sì pò ó bí o ti wí. Ti inú ìbọ̀sẹ̀ pupa tí mo ń káàánú, tèmi ni. Bọ̀ọ̀dá Aurélien rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́: "Solange! O fi ọmọ tìẹ sílẹ̀, o lọ ń pọn ọmọ ọlọ́mọ!"

Mo kúrò nídìí oúnjẹ, mo sì gba La Combe lọ, oko ìsàlẹ̀ òkè níbi tí omi máa ń dúró sí. Lẹ́yìn tí o lọ ni Bàbá fẹ́ hú àjàrà ibẹ̀ dà nù, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, tí mo gbẹ́ ojú àgbàrá sí i, tí mo sì ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo sọ̀rọ̀ sí ọ níbẹ̀ tí mi ò ní kọ sínú lẹ́tà. Mo ní o ní ilé ẹ̀kọ́, o ní ìrìn àjò, o ní orí dùùrù, kí lo tún ń wá lọ́rùn mi?

Bàbá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Kò bẹ̀ mí. Ohun tó sọ ni pé, "Lórí tẹlifóònù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò rẹ bi mí. Ó ní, 'Bàbá, ta ló ń tọ́jú La Combe báyìí?' Mo ní ìwọ ni. Ó ní, 'Mo ti fura. Ẹ jẹ́ kó pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.'"

Nínú ìgò tèmi, La Combe kò ju ẹ̀kán lọ. Oko Tertre ti orí òkè ni mo fi kún un, nítorí pé oko Bàbá Àgbà ni, òun sì ni àwọn àlejò máa ń yìn. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo tijú láti gbé síwájú Bàbá mi. Ìwọ kò tijú rẹ̀, láti Potogí lọ́hùn-ún. Ṣé o rò pé ìyẹn pa owú mi? Ó tún bu iyọ̀ sí i ni! Bí o bá jí nǹkan mi, mo lè bínú kí n sì sinmi. Kí ni kí n wá ṣe fún ẹni tó mọ iyì mi jù mí lọ?

Bàbá ní kí o wá kí àjàrà tó rúwé. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà. Kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n, kí ahọ́n rẹ má kú. Kí yìnyín fo oko wa, kí a sì jọ kórè èyí tó ń bọ̀ láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń jowú rẹ, tí kò sì ní ẹlòmíràn bí rẹ,
Solange.

Àfikún: Bàbá ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú lẹ́tà yìí. Má wulẹ̀ gbọn àpò ìwé náà, kò sí níbẹ̀. Ọrùn mi ló wà, mo sì ń wọ̀ ọ́ sùn. Bí o bá fẹ́ ẹ, wá gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ bàtà rẹ.